Ó Dá Orin, Ta Ni Yóò Gbè É?

Fíìmù The Wizard of Oz kò tíì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nígbà tí Dorothy, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, kọ Over the Rainbow, orin tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Oko kan ní Kansas ni, láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, àwọ̀ erùpẹ̀ gbígbẹ sì ni gbogbo àwòrán náà ní. Ẹ̀rọ tó ń bá wọn sàba ti bàjẹ́, àwọn àgbà ilé ń ka òròmọdìẹ kí wọ́n má bàa kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ náà ń sáré tẹ̀ lé wọn kiri, ó ń rojọ́ obìnrin kan tó fẹ́ fìyà jẹ ajá òun. Kò sẹ́ni tó ráyè tirẹ̀. Wọ́n ní kó lọ wá ibì kan tí wàhálà kò ní í bá a jókòó sí. Ó yíjú sí ajá, ó bi í bóyá irú ibẹ̀ tilẹ̀ wà, ó fara ti òkìtì koríko, ó dá orin. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ajá nìkan ló na ọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá dàgbà sínú orin Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lọ́dọ̀ wa, a kì í dá orin fún ara ẹni nìkan. A ń dá a kí àwọn yòókù lè gbè é ni. Orin tí a dá tí ẹnikẹ́ni kò gbè, ó ku ibì kan. Lójú tèmi, ibi tó kù yẹn gan-an ni fíìmù olórin tó ń sọ nípa ìrètí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan dá orin níbi tí kò sí elégbè, gbogbo ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, wíwá elégbè ni. Nígbà mìíràn ará ìlú ni yóò gbè é. Nígbà mìíràn ẹni náà yóò wá rí i pé òun fúnra òun ni elégbè tí òun ń wá. Fíìmù tí kò bá mọ èyí, ẹ ó kàn rí i pé wọ́n lẹ orin mọ́ ọn lára bí ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Harold Arlen ló kọ ohùn orin Dorothy, E. Y. Harburg ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá Arlen ló ń léwájú orin nínú sínágọ́gù ní ìlú Buffalo. Àwọn òbí Harburg jẹ́ Júù tó ṣí wá láti Rọ́ṣíà, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní New York ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ohun èlò iná mànàmáná ló ń tà kí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà tó dojú dé ní 1929. Òwò náà wó, ló bá kúkú gbájú mọ́ orin kíkọ. Ó yẹ ká mọ èyí, nítorí kò sí òṣùmàrè kankan nínú ìwé tí L. Frank Baum tẹ̀ jáde ní 1900, èyí tí wọ́n ti yọ fíìmù náà. Harburg ló mú òṣùmàrè wá. Àlàyé rẹ̀ ni pé níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tó báyẹn, òṣùmàrè nìkan ni ohun aláwọ̀ tí ọmọ náà lè ti fojú rí. Ẹ wo bí ohun tó ń fẹ́ ti kéré tó: kì í ṣe wúrà, kì í ṣe ààfin, kì í ṣe ọkọ. Àwọ̀ ni.

Fíìmù náà sì fún un ní àwọ̀. Nígbà tí ìjì gbé ilé wọn lọ tó sì jù ú sí ilẹ̀ Oz, ó ṣílẹ̀kùn, àwọ̀ oríṣiríṣi sì kún ojú. Ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n dá sí ibẹ̀. Wọ́n kun inú ilé náà ní àwọ̀ erùpẹ̀, wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ erùpẹ̀ fún obìnrin mìíràn tó dúró fún Judy Garland, òṣèré tó ṣe Dorothy, òun ló ṣílẹ̀kùn. Fíìmù aláwọ̀ ló ti wà nínú kámẹ́rà látìgbà náà; ilé àti aṣọ ló ń tan ojú jẹ. Bí kámẹ́rà ti ń sún síwájú, obìnrin náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Judy gidi sì bọ́ síta nínú aṣọ búlúù rẹ̀.

Ohùn orin náà ńkọ́? Àwọn tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lè kà á báyìí: dò, dò òkè, tí, sọ, lá, tí, dò òkè. Láti ohùn kìíní sí ìkejì, ó fò láti dò dé dò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí àtẹ̀gùn. Oko yẹn ni dò ìsàlẹ̀, ibi tó ń lálàá rẹ̀ ni dò òkè. Kò sì lè dúró sókè yẹn. Ó já wá sí sọ, ó tún ń rá gòkè díẹ̀díẹ̀. Ní àárín orin, sọ àti mí ló kàn ń pààrọ̀ ara wọn bí ọmọdé tó ń fi ìka méjì tẹ dùùrù. Ohùn ọmọdé yẹn ló tún padà wá ní ìparí, ó gòkè, ó sì fi ìbéèrè sílẹ̀ nípa ẹyẹ tó ń fò kọjá òṣùmàrè àti èèyàn tí kò lè kọjá. Orin náà kò dáhùn.

Lẹ́yìn tí wọ́n fi fíìmù náà han àwọn òǹwòran láti fi dán an wò ní 1939, àwọn ọ̀gá kan ní MGM, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, ní kí wọ́n yọ orin yìí dànù. Wọ́n ní ó ń fa fíìmù sẹ́yìn. Wọ́n tún ní kò bójú mu kí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ máa kọrin nínú àgbàlá ẹran. Arthur Freed, igbákejì olùgbéjáde fíìmù náà, wà lára àwọn tó takú, wọ́n dá orin náà padà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar orin tó dára jù lọ. Síbẹ̀, ẹ̀sùn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpònú. Lóòótọ́ ni orin ìrètí máa ń dá ìtàn dúró. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni bóyá ó kó nǹkan kan wá fún wa nígbà tí ìtàn dúró. Ẹ yọ orin yẹn kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó kù: ìjì kan gbé ọmọ kan lọ, ó parí. Pẹ̀lú orin náà, ìjì di ẹni tó gbọ́ àdúrà tó sì dáhùn rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó gbà á kò rò.

Ìdí nìyẹn tí irú orin yìí fi gbọ́dọ̀ tètè jáde. Bí ìṣẹ́jú 20 bá ti kọjá kí ẹni tí ìtàn dá lé tó kọ ohun tó ń fẹ́, àwọn òǹwòran á ti fi ọkàn ara wọn yan ohun mìíràn fún un, orin náà á sì dé bí àlejò tó bá oúnjẹ tán. Àṣìṣe kejì ni kí ohun tó ń fẹ́ má ní orí, má ní ìdí: “kí ayé mi dára”, “kí n dé ibi gíga”. Kò sí ẹni tó lè fojú rí “ibi gíga”. Àwọ̀ ṣeé rí. Àṣìṣe kẹta ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń dùn mí jù: wọ́n á kó gbogbo ìlù, gbogbo fèrè àti gbogbo akọrin sínú orin àkọ́kọ́, kò wá ní í sí ohun tó kù fún ìparí. Orin àkọ́kọ́ ìrètí yẹ kó dà bí ẹni tí kò tíì jẹun yó.

Ìbéèrè Dorothy kò rí orin tó dá a lóhùn nínú fíìmù 1939. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi dáhùn: bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ látọjọ́ yìí ló lè gbé e délé, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un tẹ́lẹ̀, kò ní gbà gbọ́. Àfìgbà tí The Wiz, ìtàn Dorothy kan náà tí wọ́n tún ṣe, dé ni orin tó dáhùn yẹn tó dé. Charlie Smalls kọ Home fún eré orí ìtàgé tí wọ́n fi àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú nìkan ṣe ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York, ní 1975. Stephanie Mills ló kọ́kọ́ kọ ọ́ níbẹ̀. Nígbà tí Sidney Lumet sọ ọ́ di fíìmù ní 1978, Diana Ross ni Dorothy. Kì í ṣe ọmọ oko mọ́. Olùkọ́ ọmọ ọdún 24 ni, Harlem ni ó ń gbé, kò sì tíì kọjá òpópónà 125 lọ sí ìsàlẹ̀ New York rí. Ẹ̀rù ni wàhálà tirẹ̀. Ẹni ti 1939 fẹ́ lọ tí kò rọ́nà; ẹni ti 1978 lè lọ, kò jẹ́ lọ.

Ìparí ni Home ti jáde, ojú Diana Ross nìkan ni kámẹ́rà sì ń wò, òkùnkùn ló yí i ká, omijé ń dà. Fíìmù náà kò pa owó tí wọ́n fi ṣe é padà, ọ̀pọ̀ alárìíwísí ló sì sọ pé Ross ti dàgbà jù fún Dorothy. N kò bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀rù àtikúrò nílé kì í ṣe ti ọmọdé nìkan, ẹni tó ti lé ní 30 ọdún tó sì ń kọ orin yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí mo rí sí ibẹ̀ ni ibi tí orin náà dúró sí. Orin tó ń bèèrè, ìbẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀. Orin tó ń dáhùn, ìparí ni. Bí ẹ bá gbé Home wá sí ìṣẹ́jú kẹwàá, ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni yóò jẹ́, nítorí ẹni tó ń kọ ọ́ kò tíì ná nǹkan kan láti mọ ohun tó ń sọ.

Ní ti The Sound of Music (1965), gbogbo ènìyàn ló ń rántí òkè ẹ̀gbẹ́ Salzburg, àti Julie Andrews tó ń yí bírí lórí koríko. Ẹ̀fúùfù hẹlikọ́pítà tó gbé kámẹ́rà ń tì í ṣubú ní gbogbo ìgbà tó bá yí i ká tán. Ṣùgbọ́n orin tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù jókòó tì ni I Have Confidence. Kò sí nínú eré orí ìtàgé. Oscar Hammerstein tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ohùn orin Richard Rodgers ti kú ní 1960, nítorí náà Rodgers nìkan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n nílò rẹ̀ nítorí pé Maria, ẹni tí Andrews ṣe, ti kúrò nílé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, kò sì tíì dé ilé ọ̀gágun ọlọ́mọ méje, àárín méjèèjì sì ṣófo.

Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe to orin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì jẹ́ orin. Gìtá wà lọ́wọ́ kan, àpò lọ́wọ́ kejì, kò sí ọwọ́ tó ṣẹ́kù láti fi nu ojú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yára, ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré, ó ń ju gìtá fìrìfìrì. Ìgboyà tó ń kọrin nípa rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ rárá. Ó ń kọ ọ́ kí ó lè wá ni. Òun ló dá a, òun náà ló ń gbè é. Nígbà tó dé ẹnu géètì tó sì rí bí ilé náà ti tóbi tó, orin gé, ó ké pé kí wọ́n gba òun, kó tó fipá kọ ìyókù dé ẹnu ọ̀nà. Ibi ìgé yẹn ni gbogbo iṣẹ́ orin náà wà. Ká ní ó kọ ọ́ láìgé, à bá ti gbà pé ó ti ṣẹ́gun, fíìmù ì bá sì parí níbẹ̀.

Sarafina! (1992) ṣe tirẹ̀ lódì. Mbongeni Ngema ló gbé e jáde lórí ìtàgé ní 1987, Darrell James Roodt ló darí fíìmù náà, Leleti Khumalo tó ṣe é lórí ìtàgé náà ló sì ṣe é níwájú kámẹ́rà. Soweto ní South Africa ni, lórí ìwọ́de àwọn ọmọ ilé ìwé ní 1976, nígbà tí ìjọba fẹ́ fi tipátipá máa fi èdè Afrikaans kọ́ wọn. Elégbè kò wọ́n Sarafina láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló ń bá a kọrin, bí ó ti ń dá a ni wọ́n ń gbè é. Kí ló wá ń wá? Ó fẹ́ di ìràwọ̀ òṣèré, ojú sì ń tì í díẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀ tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn túbú àti ìyà, ó lọ bá ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Miriam Makeba ni ìyá náà, ó sì sọ fún un pé akọni ni. Kò sí orin ńlá níbẹ̀. Nínú fíìmù tó kún fún ohùn ọgọ́rọ̀ ènìyàn, ibi tí ọmọ náà ti mọ ara rẹ̀ jẹ́ ibi jẹ́jẹ́.

Ohùn lọ́tọ̀, ẹnu lọ́tọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù olórin, ohùn tí ẹ ń gbọ́ àti ẹnu tí ẹ ń wò kì í ṣe ti ọjọ́ kan náà. Judy Garland ti gba ohùn orin rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1938. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni King Vidor tó darí àwọn ibi Kansas. Wọ́n á gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, wọ́n á gbé sípíkà lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, òṣèré á sì máa bá ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́. Pléébáàkì ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kó tètè mọ ibi tó ti ń bàjẹ́. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìró “kọ, kọ” mẹ́jọ sí iwájú rẹ̀ lórí ìwọ̀n ìyára orin náà, kí òṣèré lè mọ ìgbà tí yóò la ẹnu. Bí ìlà kẹta lẹ fẹ́ yà, ẹ bẹ̀rẹ̀ orin láti ìlà kìíní. Ara tó ti ń kọrin bọ̀ yàtọ̀ sí ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí. Kí òṣèré kọ ọ́ síta kíkankíkan. Ẹni tó bá kàn ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, iṣan ọrùn rẹ̀ kò ní í le, àyà rẹ̀ kò ní í gòkè, ojú yín á mọ̀ pé irọ́ ni bí etí yín kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tún ohùn ṣe gé gbogbo èémí dànù. Bí òṣèré bá mí lójú àwòrán tí a kò gbọ́ nǹkan kan, ó ti di ère.

Ìṣirò ló ń ba ti àwọn mìíràn jẹ́. Bí kámẹ́rà bá ń ya fírémù (ẹyọ àwòrán) 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tí wọ́n sì wá gé fíìmù náà ní 24, àwòrán orin ìṣẹ́jú mẹ́ta á fi ìṣẹ́jú-àáyá 7 àti ààbọ̀ gùn ju ohùn lọ. Bí ó bá jẹ́ 24 àti 23.976, ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bíi fírémù mẹ́rin lọ ní òpin orin, ìyẹn ló sì léwu jù, nítorí ẹnikẹ́ni kì í rí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ẹsẹ ìkẹyìn ni ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú ohùn tàbí kó máa tẹ̀ lé e. Bí fáìlì orin bá jẹ́ 44.1 kHz (ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún) tí ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ bíi 48 kHz, orin á fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 kúrú, ohùn á sì ga jù. Sípíkà Bluetooth máa ń fi ohùn falẹ̀, ẹ lo wáyà. Ọ̀nà jíjìn náà ń falẹ̀: nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà oníjó tó dúró ní mítà 34 sí sípíkà ń gbọ́ orin pẹ̀lú ìdádúró tó ju fírémù méjì lọ. Bí ẹ bá to oníjó sí títì gígùn, ẹ to sípíkà náà tẹ̀ lé wọn, kí ẹ sì gbẹ́kẹ̀ lé kìkì ohùn tí ẹ so mọ́ kámẹ́rà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ara máa falẹ̀ kí ẹnu sì bá orin mu, ẹ tẹ orin náà ní ìlọ́po méjì ìyára rẹ̀, kí òṣèré kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí kámẹ́rà ya fírémù 48. Nígbà tí ẹ bá wò ó ní 24, aṣọ àti irun á máa fò lọ́nà jẹ́jẹ́, ètè á sì wà lójú orin.

Nǹkan kan wà tí ìṣirò kò lè tún ṣe. Nínú My Fair Lady (1964), ìtàn ọmọbìnrin tí àwọn ọkùnrin ń tún ohùn rẹ̀ ṣe kó lè di ènìyàn láwùjọ, Marni Nixon ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin tí ẹ ń rí lẹ́nu Audrey Hepburn. Iṣẹ́ náà dán, ohùn náà dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn wọlé nígbàkúgbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀. Nixon fúnra rẹ̀ kò fara hàn. Ìgbà tí The Sound of Music dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni a tó rí ojú rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi padà sí kíkọ orin lójú kámẹ́rà gan-an. Nínú Les Misérables (2012), Tom Hooper fi ohun èlò kékeré sí etí àwọn òṣèré, ẹnì kan jókòó síbi tí a kò rí i, ó ń tẹ dùùrù sí wọn létí, òun ló sì ń tẹ̀ lé wọn. Bí òṣèré bá dákẹ́ láti sunkún, dùùrù á dúró dè é. Lẹ́yìn tí wọ́n gé fíìmù tán ni wọ́n tó pe àwọn olórin láti wá fi ohun èlò bo ohùn náà. Ohun kan náà ni Damien Chazelle ṣe ní La La Land (2016) fún orin tí Emma Stone kọ níbi tó ti ń wáṣẹ́ òṣèré: Justin Hurwitz tó kọ orin náà ló ń tẹ dùùrù tẹ̀ lé e. Ìtàn àǹtí ẹni tí Stone ṣe, tó bẹ́ sínú odò ní Paris, ló fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, yàrá ń ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè nàka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti di orin.

Owó ibẹ̀ ga. Ìyára orin kì í dọ́gba ní ìgbà méjì, nítorí náà ẹ kò lè gé ti àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ti ìkejì. Ó di dandan kí kámẹ́rà méjì tàbí mẹ́ta máa ya á pọ̀, tàbí kí ẹ ya gbogbo orin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgé. Aṣọ líle máa ń ha maìkì lára. Jẹnẹrétọ̀ tí pléébáàkì kò kà sí, wàhálà ńlá ni níhìn-ín. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ lo pléébáàkì fún orin tí ẹsẹ̀ ń jó, kí ẹ sì fi kíkọ lójú kámẹ́rà pamọ́ fún orin kan ṣoṣo, èyí tí ẹni náà fi ń mọ ara rẹ̀.

Dò, re, mí

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Hubert Ogunde tó bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ ní Èkó ní 1944 láti inú orin ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi orin ṣíde, wọ́n á sì fi orin parí. Àṣà náà bá wọn wọ fíìmù. Ní 1976, Ola Balogun àti Ade Love ti gbé Ajani Ogun jáde, ó kún fún orin àti ijó. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú àwọn fíìmù wa ni ẹnì kan ṣoṣo tó dá dúró tó ń kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Orin ìṣíde ti sọ ẹ̀kọ́ ìtàn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ ohùn ẹgbẹ́, kì í ṣe ohùn ẹni náà.

Kì í sì ṣe pé irú rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Kí ni ẹkún ìyàwó bí kì í ṣe orin ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ kan wà nílé bàbá, tí ẹsẹ̀ kejì ti wà nílé ọkọ? Kí ni àlọ́ àpagbè? Ẹni inú àlọ́ dé odò, ó kọrin. Ó dé igbó, ó kọ orin kan náà. Ó dé iwájú ọba, ó tún kọ ọ́, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ kan ti yí padà, àwọn ọmọ tó jókòó yí alálọ̀ọ́ ká ló sì ń gbè é látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Broadway ń wá kiri pẹ̀lú orin tó ń padà wá, òun nìyẹn. Ẹni tó ń kọ fíìmù olórin ní Yorùbá ní elégbè tí Dorothy kò ní: òǹwòran.

Ìṣòro rẹ̀ wà nínú ohùn èdè. Dò, re, mí tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn kò ní í jẹ́ kí orin lọ síbi tó bá wù ú. Ìrètí ń gòkè: dò, dò, mí. Ayọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀: re, dò. Nítorí náà, bí òǹkọrin bá gbé ohùn tó ga jù lọ nínú orin rẹ̀ sí orí “yọ̀”, ó ti ba ayọ̀ jẹ́. “A” ni kó gbé sókè, kó wá já wálẹ̀. Bí ó bá kọ ìlú pẹ̀lú ohùn tó tẹ́jú, ìlù la gbọ́. Ọ̀la àti ọlá ṣòroó yà sọ́tọ̀ nínú orin, nítorí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni méjèèjì ń gùn, dò sí re, tàbí re sí mí. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú wọn ló gbọ́dọ̀ là wá lóye. Ọlà ní tirẹ̀ ń já bọ́, kò sí àríyànjiyàn. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin ìsìn òyìnbó kò ka èyí sí, etí ṣì ń ta wá títí dòní.

Ẹ fi ohùn Arlen dán an wò. Dò, dò òkè, tí, sọ: “Ìlú kan wà” bọ́ sí i bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú bàtà tó bá a mu, ìlú fò sókè, kan rọra sọ̀, wà balẹ̀. Ohùn mẹ́ta tó kàn ń gòkè: lá, tí, dò òkè. Ọ̀pọ̀ á fẹ́ fi “lókèèrè” síbẹ̀, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n lókèèrè ń já bọ́ nígbà tí orin ń gòkè, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. “Àwọn tí” ló bá a mu. Ìlú kan wà, àwọn tí... Gbólóhùn náà sì ti yí padà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́: kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tó jìnnà mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Yorùbá ló fà á síbẹ̀.

Ìgbà kan tún wà tí Dorothy kọ orin náà. Àjẹ́ ti tì í mọ́ ilé gíga, iyẹ̀pẹ̀ pupa ń já bọ́ nínú ìgò tí wọ́n fi ń ka àkókò ikú rẹ̀. Wọ́n ya á, wọ́n sì yọ ọ́ kí fíìmù tó jáde. Ti oko ni wọ́n dá padà, tibí yìí kò padà wá. Àwòrán rẹ̀ ti sọnù. Ohùn rẹ̀ ṣì wà, wọ́n fi sínú àwo orin fíìmù náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Dò ìsàlẹ̀, dò òkè kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹkún ti ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì sí ajá lọ́dọ̀ rẹ̀.